Kádì Ìsàmì Yèyé

 Ewì ni mo ṣèlérí fún olóòtú wa, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ. Tí mo bá ti dé ìlà kẹrin báyìí, n óò rí i pé irọ́ ni mo ń pa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ kí n ṣe ohùn arò lé e lórí. Ọdún ló ń béèrè, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ni mo bá kúkú sọ ọ́ di ìtàn.

Kádì kan ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kádì ìsàmì ìyá tó bí bàbá mi ni. Yèyé la máa ń pè é, bí àwa Èkìtì ṣe ń pe ìyá. Nígbà tí Yèyé kú lọ́dún 2021, àwọn àgbà ilé ní kí n lọ wá kádì náà jáde kí wọ́n tó lọ bá Fadá sọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà mọ ohun tí mò ń wí. Tí kò bá ti sí kádì, ọ̀rọ̀ di "ẹ ṣì ní sùúrù ná". Mo bá a nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, nínú ọ̀rá, lábẹ́ aṣọ òfì. Mo kà á. Ọdún ìbí: nǹkan bíi 1942. Ọjọ́ ìsàmì: ọjọ́ kẹta oṣù Épírì, ọdún 1999. Ìyá ìsàmì: orúkọ ìyálé rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yèyé tó mọ katikísìmù bí ẹni mẹni mowó! Yèyé tó jẹ́ pé kò sí ọmọ kan ládùúgbò wa tó fẹ́ gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ tí kò ní wá jókòó síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́! Òun náà ló jẹ́ pé ó ti tó ẹni ọdún 57 kí omi ìsàmì tó kàn án lórí? Kí ló dé? Mi ò lè bi í mọ́. Ẹni tí mo wá lọ bá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àkọ́bí ìyálé yẹn. Ohun tí Àǹtí sọ fún mi, àti ohun tí mo bá nínú ìwé ní láíbìrì lẹ́yìn ìyẹn, ni mo fẹ́ fi síwájú yín.

Àwọn tó kọ́kọ́ dúró

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí Yorùbá fi ń pe ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Àgùdà? Òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó àtàwọn ìlú etí òkun mìíràn, àwọn ni Àgùdà. Àwọn onímọ̀ kan ní láti ara Ajudá ni orúkọ náà ti wá, ìyẹn orúkọ tí àwọn Pọtogí ń pe ìlú Ouidah ní ilẹ̀ Benin òní.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti gba ìsàmì kí wọ́n tó padà wálé. Àṣà àwọn Pọtogí ni pé kí wọ́n máa sàmì fún ẹrú. Ẹ wò ó dáadáa. Ìsàmì tí wọn ò tọrọ ni, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè, ẹnikẹ́ni ò múra wọn sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n délé, tí kò sí ẹni tó lè fi tipá mú wọn mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹ̀sìn náà mú. Ohun tí wọ́n fi pàṣán kó bá wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dì í mú.

Àmọ́ kò sí Fadá l'Ékòó nígbà náà. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Lóòótọ́, "padre" ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlùfáà rárá, ẹrú tó gba òmìnira ni. Òun ló ń ṣáájú wọn nínú àdúrà, òun ló ń sàmì fún ọmọ wọn, òun ló ń gbàdúrà lórí òkú wọn. Òfin ìjọ fàyè gba ìyẹn: tí àlùfáà ò bá sí, tí ọ̀ràn sì le, ẹnikẹ́ni lè bu omi sàmì fún èèyàn. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe Mísà. Kò lè fún wọn ní Kọmúníọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ń tọ́jú ilé oúnjẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́dún 1856 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà ajíhìnrere tí à ń pè ní S.M.A. sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1861 ni Fadá Francesco Borghero, ará Ítálì, dé Ouidah. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1863 ló wá wo Èkó, ó sì bá ìjọ tó ti ń bẹ láìsí àlùfáà. Ọdún 1868 ni Fadá tí yóò máa gbé Èkó tó dé. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ inú ilẹ̀: Abẹ́òkúta lọ́dún 1880, Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Ìbàdàn lọ́dún 1895, kó tó wá di pé ó dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Èkìtì.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ń dúró de sakaramẹ́ńtì ti wà kí àwọn tó ń fún ni tó dé.

Ìmúrasílẹ̀

Dídúró yìí ò ṣàjèjì sí ìjọ. Ìwé àtijọ́ kan wà, *Àṣà Àwọn Àpọ́sítélì*, tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ orúkọ Hippolytus ará Róòmù. Ọdún mẹ́ta ni ìwé yẹn ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèsàmì fi gbọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé tí ẹni náà bá fi tọkàntọkàn ṣe é, ìwà rẹ̀ ni kí wọ́n wò, kì í ṣe iye ọjọ́. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìwàásù tán, wọn á ní kí àwọn tí ò tíì ṣèsàmì máa lọ kí apá ti Kọmúníọ̀n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé ìwé ni ojúbọ ìmúrasílẹ̀. Níbi tí Fadá bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, ilé ìwé ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ní àwọn abúlé tí Fadá ò lè máa gbé, katikíìsì ló ni ibẹ̀. Fadá lè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó sì lè máà wá. Katikíìsì ló ń lu agogo, òun ló ń kó àwọn èèyàn jọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá toko dé, òun ló ń pe ìbéèrè, tí wọ́n á sì máa fi ohùn kan dáhùn. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, títí tó fi máa wọ eegun. Àwa tí à ń kọ́ nípa Ifá ní kíláàsì ò gbọdọ̀ pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀kọ́ òpè. Ọmọ awo náà, orí ló ń kọ́ ọ sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ awo ò ní òyìnbó tí yóò jókòó sórí àga lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìdánwò yẹn, ẹ̀rù ni! Àǹtí sọ fún mi pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ìbéèrè ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n fi mọ ìdáhùn. Fadá á wá mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀kan. Bàbá àgbẹ̀ kan, wọ́n bi í léèrè nípa ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó fi ohùn òkè dáhùn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dà á sẹ́rìn-ín. Bàbá náà tún padà wá lọ́dún kejì, ó sì yege.

Tẹ́ ẹ bá tún wá yege, ààwẹ̀ ṣì ń bẹ. Láyé àtijọ́, láti agogo méjìlá òru, ẹni tó bá fẹ́ gba Kọmúníọ̀n kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu, títí dórí omi. Ọdún 1953 ni Póòpù Pius Kejìlá tó ní omi ò ba ààwẹ̀ jẹ́ mọ́. Lọ́dún 1957 ó sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta, lọ́dún 1964 Póòpù Paul Kẹfà sọ ọ́ di wákàtí kan péré, bẹ́ẹ̀ ló sì wà di òní. Ẹ ro ti ẹni tó ti inú oko rìn wá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń fo odò lọ́nà tí kò sì gbọdọ̀ bu mu. Ti ọmọdé náà tún wà ńbẹ̀. Kó tó di ọdún 1910, ní ọ̀pọ̀ ibi lókè òkun, ọmọ á tó ọdún mẹ́wàá, méjìlá, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fún un ní Kọmúníọ̀n. Ọdún yẹn ni Póòpù Pius Kẹwàá ní ọmọ nǹkan bí ọdún méje tó ti mọ ọtún yàtọ̀ sí òsì tó gbà á.

Ẹ rí i pé ọwọ́ ìjọ fúnra rẹ̀ ló ń sún òdiwọ̀n síwájú, tó ń sún un sẹ́yìn. Ẹni tí kò tó lánàá lè tó lónìí láìjẹ́ pé ó dàgbà.

Fìtílà kan, obìnrin méjì

Oṣù Jánúárì ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ló gbé Yèyé dé ilé ìwé míṣọ́n. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì lọ. Ibẹ̀ ló ti mọ̀wé kà, ibẹ̀ ló ti kọ́ katikísìmù láti páálí dé páálí. Lọ́dún 1960 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò ṣèsàmì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ bá fi í fún ọkọ.

Ọkọ náà, ìyẹn bàbá bàbá mi, ti níyàwó nílé. Fadá gbọ́, ó fagi lé orúkọ Yèyé. Kò bínú, Àǹtí ní ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: ìyàwó kejì ò lè ṣèsàmì, àyàfi tó bá fi ilé ọkọ sílẹ̀.

Ìyálé rẹ̀ ò mọ ẹyọ lẹ́tà kan. Oníṣòwò epo ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ kankan. Ṣùgbọ́n ó rí ìyàwó kékeré tó ń dá kàwé lójú fìtílà lóròòru, ó bi í pé, "Kí lò ń kà tó ò lè fi sílẹ̀ yìí?" Yèyé kà á sí i létí. Ọjọ́ kejì ìyálé tún wá jókòó. Bó ṣe di ẹ̀kọ́ nìyẹn. Yèyé á pe ìbéèrè, ìyálé á dáhùn, wọ́n á máa ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Lọ́dún 1966, ìyálé jókòó síwájú Fadá, kò tàsé ẹyọ kan. Fadá sàmì fún un. Ìyàwó àkọ́kọ́ ni, òfin ò dí i lọ́nà. Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, tó ń wò ó.

Lọ́dọọdún báyìí, láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀sẹ̀ ò ní yẹ̀. Ọdún 1963 ni ìpàdé ńlá Vátíkàn ti ṣílẹ̀kùn fún èdè onílùú nínú ìsìn, nítorí náà Yorùbá ni wọ́n ń fi ṣe Mísà báyìí, Yèyé gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ó bá wá di àsìkò Kọmúníọ̀n, ìyálé á tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé e fún Yèyé, á dìde lọ síwájú. Yèyé á gbé ọmọ lé itan títí ìyá ọmọ á fi padà dé.

Mo bi Àǹtí pé ọmọ wo ni. Ó ní, "Èmi ni."

Ohun tí òfin wí

Mo fẹ́ bínú sí Fadá ìjọsí. Mo lọ kàwé kí n lè rí ìdí tí n óò fi bínú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ju òyìnbó kan lọ.

Ọ̀ràn olórogún ti ń da ìjọ láàmú tipẹ́. Lọ́dún 1537, Póòpù Paul Kẹta sọ ti àwọn tó níyàwó púpọ̀ tó fẹ́ ṣèsàmì pé kí wọ́n mú ìyàwó àkọ́kọ́. Tí ọkùnrin náà ò bá rántí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́, kó mú ẹni tó bá wù ú. Nínú ìwé òfin ìjọ tó jáde lọ́dún 1983, òfin 1148 ní tó bá ṣòro fún un láti bá èyí àkọ́kọ́ gbé, ó lè mú ọ̀kan nínú àwọn yòókù, kó sì jẹ́ kí àwọn tó kù lọ. Òfin náà ní kí bíṣọ́ọ̀bù rí i dájú pé ìyà ò jẹ àwọn tí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òfin dúró sí tó ń wò: ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ ṣèsàmì. Bàbá bàbá mi ò fẹ́ ṣèsàmì kankan ní tiẹ̀. Ìyàwó kejì, tí bàbá rẹ̀ fi fọ́kọ, tó ti bímọ mẹ́rin, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún un: kó jáde. Kó fi ọmọ sílẹ̀ fún ta ni?

Àwọn Áńgílíkà náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Lambeth lọ́dún 1888. Wọ́n ní ọkùnrin tó níyàwó púpọ̀ ò gbọdọ̀ ṣèsàmì, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè sílẹ̀ pé níbòmíràn wọ́n lè sàmì fún àwọn ìyàwó. Ọdún 1988, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ni wọ́n tó yọ̀ǹda fún ọkùnrin náà, pẹ̀lú àdéhùn pé kò ní fẹ́ kún un. Ní Èkó níbí, lọ́dún 1891, àwọn kan yà kúrò nínú Áńgílíkà, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, wọn ò sì lé olórogún lọ.

Ẹ ó ní kí ló wá dé tí Yèyé ò lọ síbi tí wọn á ti gbà á. Ìgbà tí mo wà ní JSS 2, mo fi ẹnu ọmọdé bi í léèrè kan. Ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa kan ní ìlù tó dùn ju tiwa lọ. Mo ní, "Yèyé, ṣé kò wù yín rí kẹ́ ẹ lọ sí ìjọ mìíràn?" Ó ń ro ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Tí wọn ò bá tíì bù fún ọ nílé, ṣé wàá wá torí ẹ̀ sọ pé ilé ẹlòmíì nilé ẹ?" Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni mo pè é. Mo ní oúnjẹ ló ń sọ.

Omi tí kò mu

Lọ́dún 1984, Yèyé ṣàìsàn débi tí wọ́n ti pe àwọn ọmọ jọ. Katikíìsì gbé omi wá. Tí ikú bá ti kanlẹ̀kùn, ìjọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ro ẹjọ́ púpọ̀: kí ẹni náà sọ pé òun gbà gbọ́, kó kábàámọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, kó sì ṣèlérí pé tóun bá yè é, òun á máa gbé bí òfin ṣe wí. Katikíìsì bi í léèrè àkọ́kọ́, ó dáhùn. Ó bi í léèrè kejì, ó dáhùn. Ó dé orí ẹ̀kẹta, Yèyé fi aṣọ bo orí.

Àǹtí wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó ní ohùn Yèyé ò ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà ní yàrá ló gbọ́ ọ. "Tí mo bá jí lọ́la, n ò ní lọ. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún Olúwa torí pé ẹ̀rù ń bà mí. Omi tí mi ò lè mu lójú ayé, ẹ má bù ú fún mi lábẹ́lẹ̀."

Katikíìsì gbé omi rẹ̀ padà. Ó ń sunkún lọ. Yèyé ò kú.

Ẹ gbà mí láyè kí n dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí wọ́n ní kí èèyàn múra sílẹ̀ fún ìsàmì fún ni pé kó lè dáhùn tọkàntọkàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú gbogbo àwọn tó ti ṣèsàmì tí wọ́n dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, ta ló mọ ohun tí ìlérí jẹ́ tó ẹni tó kọ̀ láti ṣe é?

Mẹ́ta lóru kan

Lọ́dún 1972, Róòmù gbé ètò tuntun jáde fún àgbàlagbà tó ń bọ̀ wá ṣèsàmì. Wọ́n dá ètò àtijọ́ padà, tí wọ́n ń fi ìpele ṣe: wọ́n á gbà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sàmì àgbélébùú sí wọn lórí, bíṣọ́ọ̀bù á yàn wọ́n níbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ǹtì, àdúrà pàtàkì á máa wáyé lórí wọn láwọn ọ̀sẹ̀ Lẹ́ǹtì, wọ́n á wá ṣèsàmì lóru Àjíǹde. Ọdún 1972 yẹn náà ni wọ́n dá díósíìsì Èkìtì sílẹ̀ lára ti Oǹdó.

Bàbá bàbá mi kú lọ́dún 1997. Nígbà tí Yèyé ṣe opó tán, ó lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ jókòó ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ló jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń gbàgbé pẹ́ńsù. Olùkọ́ wọn ni katikíìsì tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí Yèyé fúnra rẹ̀ kọ́ ní ẹ̀kọ́ Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́. Wọ́n ní ojú tì í débi pé kò lè bi í léèrè. Yèyé ló ní, "Tísà, ó kàn mí o."

Lálẹ́, nílé, ìyálé ló ń pe ìbéèrè fún un. Ìyálé ò ṣì mọ̀wé kà. Orí ló ti ń pè é, bí Yèyé ṣe kọ́ ọ ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, tòun ti àwọn ọ̀rọ̀ tí Yèyé ń pè lọ́nà tiẹ̀.

Òru Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù Épírì, 1999. Wọ́n dá iná sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tan àbẹ́là ńlá, wọ́n gbé e wọlé nínú òkùnkùn. Nígbà tó kan Yèyé, ìyálé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e léjìká. Ìyá ìsàmì rẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe orogún rẹ̀ fún ọdún 37 ló di ìyá rẹ̀ nínú ìjọ. Omi lẹ́ẹ̀mẹta. Aṣọ funfun. Fadá fi òróró sí i níwájú orí, ìyẹn ni kọnfamáṣọ̀n. Ní wákàtí díẹ̀ sí i, ó dìde láti orí bẹ́ǹṣì, ó lọ síwájú, ó gba Kọmúníọ̀n. Ọdún 39 ló fi dúró, sakaramẹ́ńtì mẹ́ta ló gbà lóru kan.

Àǹtí ní nígbà tí Yèyé padà dé ìjókòó, kò ké, kò jó. Ó kàn wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Ọwọ́ yẹn ò gbé ọmọ ẹnikẹ́ni dání.

Èmi náà

Èmi gba kọnfamáṣọ̀n nígbà tí mo wà ní SS 1. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lọ sí kíláàsì, mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Tẹ́ ẹ bá bi mí lónìí ohun tí mo rántí lọ́jọ́ yẹn, bàtà tuntun tó ń há mi lẹ́sẹ̀ ni, àti ìrẹsì. Lẹ́yìn náà mo gba kádì tèmi, mo jù ú sínú fáìlì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí WAEC. Ohun tí wọ́n fi ọdún 39 dí Yèyé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án Sunday, mo ń wo aago.

Nígbà tí a gbé kádì Yèyé dé ọ̀dọ̀ Fadá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, kò tilẹ̀ wò ó pẹ́. Mo bi í pé ká ní ó kú lọ́dún 1984 ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òfin 1183 nínú ìwé òfin ọdún 1983 sọ pé ní ti ìsìnkú, ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún ìsàmì, kí wọ́n kà á mọ́ àwọn onígbàgbọ́. Àní láti ọdún 392, nígbà tí ọba Róòmù tó ń jẹ́ Valentinian Kejì kú láìtíì ṣèsàmì, Ambrose Mímọ́ dúró lórí òkú rẹ̀, ó sọ fún gbogbo ayé pé ohun tí ọba náà tọrọ, ó ti rí i gbà.

Mo ní, "Fadá, wọ́n ti fagi lé orúkọ tiẹ̀ láti ọdún 1960. Ṣé ẹni tí wọ́n fagi lé orúkọ rẹ̀ ṣì ń múra sílẹ̀?"

Fadá wo kádì náà dáadáa báyìí. Ó rí orúkọ ìyá ìsàmì, ó bi mí ta ni. Mo sọ fún un. Ó fi kádì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Tí kì í bá ṣe pé ó ń múra sílẹ̀, kí ló ń ṣe látọjọ́ yìí?"

Èyí ni mo rí kọ. Ẹ̀yin tí ìyá ìyá yín tàbí ìyá bàbá yín ṣì wà láyé, ẹ lọ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó máa fi wọ́n kọ ewì. Èmi pẹ́ kí n tó béèrè. Kádì Yèyé wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo ti yọ tèmi kúrò nínú fáìlì, mo fi wọ́n sínú ọ̀rá kan náà.